Mọ́tò Márùn-ún Nínú Aṣálẹ̀ àti Ọkùnrin tí Ó Ya Àwòrán Wọn

Ní ìgbà ọyẹ́, bí a bá nu tábìlì ilé-ìwé kan ní Èjìgbò ní ìrọ̀lẹ́, tí a sì padà dé ìdí rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a ó rí i pé eruku lẹ́búlẹ́bú ti tún bò ó. Eruku náà kì í ṣe ti ojúde wa nìkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, pàápàá láti ilẹ̀ gbígbẹ kan tí ó jìn kòtò ní orílẹ̀-èdè Chad, èyí tí à ń pè ní Bodélé, tí atẹ́gùn sì ń gbé e wá bá wa láti òkèèrè. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé aṣálẹ̀ kò jìnnà sí wa tó bí wọ́n ti rò. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti gba orúkọ ràkúnmí. Ìhà òkè lọ́hùn-ún ni káún tí àwọn ìyá wa fi ń se ilá ti ń wá láti ayé àtijọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ibòmíràn ni mo fẹ́ sọ nígbà tí mo bá ń ròyìn àwọn tí ó gbé mọ́tò la Sàhárà kọjá.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Dísẹ́ńbà, ọdún 1922, mọ́tò márùn-ún gbéra láti ìlú Touggourt ní ilẹ̀ Àlgéríà, wọ́n kọjú sí gúúsù. Ọkùnrin mẹ́wàá ni ó wà nínú wọn, pẹ̀lú ajá kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Flossie. Georges-Marie Haardt ni olórí wọn, Louis Audouin-Dubreuil sì ni igbákejì rẹ̀. Ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́ ni André Citroën, ará Faransé tí ó ní ilé-iṣẹ́ mọ́tò. Wọ́n gba In Salah, wọ́n gba àárín àwọn òkè Hoggar kọjá sí Tamanrasset, wọ́n dé Kidal, wọ́n sì já sí etí Odò Ọya ní Bourem. Ní ọjọ́ 7 oṣù Jánúárì, ọdún 1923, wọ́n wọ Tìmbúkútù. Ọ̀nà tí ó ju 3,000 kìlómítà lọ, tí àwọn oníràkúnmí ń fi ọ̀pọ̀ oṣù rìn, ọjọ́ 21 ni wọ́n fi rìn ín. Odò Ọya tí wọ́n bá pàdé yìí ni odò kan náà tí ó ń ṣàn kọjá ní Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja.

Mọ́tò wọn kò rí bí èyí tí ẹ mọ̀. Táyà ni ó wà níwájú, ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn, bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ ni ó ń yí, tí ó ń fi ara lé iyanrìn bí kòkòrò tí ń rá, tí kò sì jẹ́ kí mọ́tò rì. Adolphe Kégresse, ará Faransé kan tí ó ń tọ́jú àwọn mọ́tò ọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ó ṣe irú bẹ́líìtì náà ní àkọ́kọ́, kí mọ́tò ọba baà lè rìn lórí yìnyín. Ohun tí a ṣe nítorí òtútù ni ó wá wúlò nínú ooru. Wọ́n fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, wọ́n sì ya àmì rẹ̀ sí i lára. Èyí tí olórí wọn wà nínú rẹ̀ ni Yímíyímí Oníwúrà. Àwọn yòókù ni Oṣù Fàdákà, Ìjàpá Tí Ń Fò, Kòkòrò Tí Ń Rá, àti Apis, èyí tí í ṣe orúkọ akọ màlúù tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń bọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń rẹ́rìn-ín bí a bá dé ibi yímíyímí yìí. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rín in tán, nítorí pé ohun tí a bá fi ẹ̀rín gbọ́ kì í tètè kúrò lọ́kàn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́wàá náà kì í ṣe mẹkáníìkì, kì í sì í ṣe ológun. Paul Castelnau ni orúkọ rẹ̀. Ó kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ayé, ó sì mọ iṣẹ́ fọ́tò dáadáa. Iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ ni kí ó ya ìrìn-àjò náà sínú fíìmù. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó ń sọ ìtàn mọ́tò wọ̀nyí sábà máa ń gbàgbé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò bá sí ẹni tí ì bá rántí mọ́tò tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe tirẹ̀.

Kámẹ́rà sinimá ìgbà náà wúwo, orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni a sì ń gbé e kà. Ọwọ́ ni a fi ń yí i. Ayàwòrán yóò yí ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán 16 yóò sì jáde; bí ó bá yí i kíákíá jù, àwọn ènìyàn yóò máa rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí adìyẹ nígbà tí a bá ń wò wọ́n. Fíìmù 30 mítà kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ. Fíìmù ọ̀hún fúnra rẹ̀ a máa gbaná bí ìgbà tí iná bá ja koríko gbígbẹ, ooru sì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Iyanrìn tún wá burú jù ú lọ: hóró kan péré tí ó bá wọ inú kámẹ́rà yóò fa ìlà gbọọrọ sára gbogbo àwòrán tí ó bá kọjá níwájú rẹ̀. Kò sì sí bí Castelnau ṣe lè mọ̀ bóyá ohun tí òun yà dára, àfi ìgbà tí ó bá padà délé tí a sì fọ̀ ọ́.

Ẹ wá rò ó wò. Bí mọ́tò márààrún bá ń tẹ̀lé ara wọn, tí ayàwòrán sì jókòó sínú ọ̀kan, kí ni yóò rí? Ẹ̀yìn mọ́tò tí ó wà níwájú rẹ̀ àti eruku. Kí a tó lè rí mọ́tò kan tí ó ń yọ bọ̀ láti òkèèrè, tí ó kéré bí èèrà, tí ó ń tóbi bọ̀ títí yóò fi kọjá lójú wa, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni náà yóò ti sọ̀ kalẹ̀, yóò ti gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ sínú iyanrìn, yóò ti wá ibi tí oòrùn kò ti ní kọjú sí i. Lẹ́yìn tí mọ́tò bá sì ti kọjá tán, yóò kó ẹrù rẹ̀, yóò máa lé wọn. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá rí àwòrán tí mọ́tò dá nìkan wà ní àárín aṣálẹ̀, tí kò sí ènìyàn kankan nítòsí, ẹ rántí pé irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnì kan wà nítòsí, òun ni ó ń ya àwòrán.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé Castelnau jẹ́ òpùrọ́. Àwọn mọ́tò náà rìn, òùngbẹ gbẹ wọ́n, wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwòrán ní ẹni tí ó rán an níṣẹ́, bí ońṣẹ́ ọba. Citroën fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé mọ́tò òun lágbára. Ẹni tí ó mọ iyì ìkéde ni. Láti ọdún 1925 títí di 1934 ni ó fi iná mànàmáná kọ orúkọ rẹ̀ sára ilé-ìṣọ́ Eiffel ní Paris, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn lè kà á lóru. Ìjọba Faransé náà sì ní ohun tí ó fẹ́. Àwọn ni ó ń jọba lórí Àlgéríà ní òkè aṣálẹ̀, àwọn náà ni ó ń jọba ní Tìmbúkútù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú wọn yóò dùn láti fi han àwọn ará ilé pé ilẹ̀ méjèèjì ti di ọ̀kan. Nígbà tí a gbé fíìmù náà jáde ní ọdún 1923, ohun tí àwọn méjèèjì fẹ́ ni àwọn ará Paris rí.

Ohun tí wọn kò rí tó bẹ́ẹ̀ ni bí ọ̀nà ṣe di ọ̀nà. Mọ́tò kì í mu omi iyanrìn. A ti kó epo lọ pamọ́ dè wọ́n lójú ọ̀nà kí wọ́n tó gbéra. Kànga tí wọ́n ń dúró sí, àwọn ará aṣálẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ, tí wọ́n ń kó iyanrìn inú rẹ̀ kúrò láti ìran dé ìran. Àwọn Tuareg ni ó mọ ibi tí a lè gbà láàrin Hoggar àti Odò Ọya. Ràkúnmí ni wọ́n fi ń gbà á láti ìgbà tí kò tíì sí mọ́tò ní ibikíbi láyé. Nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ará aṣálẹ̀ a máa yọ sí wa nígbà tí ó bá ń wo mọ́tò tìyanutìyanu. Ìgbà tí ó bá ń na ọwọ́ sí ọ̀nà tí mọ́tò yóò gbà kì í sábà sí níbẹ̀. Ìwà àìmoore ni mo pe èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó hu ú lè má mọ̀ pé òun hu ú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ ní ìṣirò ní òru ọjọ́ ìdánwò, tí kò sì dárúkọ ọ̀rẹ́ náà nígbà tí a ń fún un ní ẹ̀bùn, ìbátan ìwà náà ni ó hù.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́wàá náà wà tí mo fẹ́ràn jù. Georges Estienne ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́ ọ̀gágun ni nígbà náà. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó padà sínú aṣálẹ̀. Ó wọ Tanezrouft, ilẹ̀ tí kò ní igi, tí kò ní kànga, tí ó tẹ́jú lọ bí àwo, ó sì ń fi àmì sójú ọ̀nà kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà sọnù. Ibi kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Bidon V títí di òní. Ẹ̀yin tí òbí yín ti gbé Àbíjàn rí kò ní béèrè ohun tí bídọ̀n jẹ́ lọ́wọ́ mi, kẹ́ẹ̀gì ni. Ibi Kẹ́ẹ̀gì Karùn-ún ni ìtumọ̀ orúkọ ibẹ̀. Iṣẹ́ fífi àmì sójú ọ̀nà kò dùn ún wò nínú sinimá, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀mí là.

Èrè tí Citroën rí lórí fíìmù àkọ́kọ́ mú kí ó ṣe èyí tí ó tóbi jù. Ní oṣù Òkítóbà ọdún 1924, mọ́tò mẹ́jọ gbéra láti Colomb-Béchar ní Àlgéríà, Haardt kan náà ni olórí wọn. Wọ́n la aṣálẹ̀ já, wọ́n gba Zinder tí ó wà ní òkè Kánò, wọ́n gba Kóńgò, wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n sì pàdé ní erékùṣù Madagásíkà ní ọdún 1925. Lọ́tẹ̀ yìí, Léon Poirier, ọ̀gá nínú iṣẹ́ sinimá, ni ó ya fíìmù. Wọ́n sì mú ayàwòrán olọ́dà dání, Alexandre Iacovleff. Ní oṣù Máàṣì ọdún 1926 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han àwọn ènìyàn ní ilé orin ńlá ti Paris. Ní ilẹ̀ Mangbetu ní Kóńgò, wọ́n ti ya obìnrin kan tí ń jẹ́ Nobosodru, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó olóyè Ekibondo, pẹ̀lú irun rẹ̀ tí a dì sẹ́yìn tí ó ga bí adé. Ojú obìnrin yìí di àmì gbogbo ìrìn-àjò náà. A tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ìkéde. A tilẹ̀ fi irin ṣe orí rẹ̀ ní kékeré, ohun tí olówó lè kàn mọ́ imú mọ́tò rẹ̀. Ìyàwó olóyè di ohun ọ̀ṣọ́ lórí mọ́tò ẹlòmíràn ní ìlú tí kò mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Èjìgbò tí ẹ mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún olorì ní ààfin Ògìyán, ẹ bá mi wò ó.

Láti ìgbà náà, mọ́tò àti kámẹ́rà kò yé rìn pọ̀ nínú Sàhárà. Nígbà tí ìdíje Paris sí Dakar bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1978, hẹlikópítà ni àwọn ayàwòrán ń wọ̀ láti máa lé mọ́tò lórí òkìtì iyanrìn, ilé gbogbo sì ń wò wọ́n nínú tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù Jánúárì ọdún 1986, hẹlikópítà Thierry Sabine, ẹni tí ó dá ìdíje náà sílẹ̀, já ní ilẹ̀ Málì, òun àti ẹni mẹ́rin sì kú. Ọ̀kan nínú wọn ni olórin Daniel Balavoine, tí ó bá wọn wá láti ṣètò bí ẹ̀rọ tí ń fa omi yóò ṣe dé àwọn abúlé. Wọ́n sunkún wọn ní gbogbo ilẹ̀ Faransé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọdún wọ̀nyẹn, àwọn ọmọdé kú lẹ́bàá ọ̀nà ní abúlé wọn nítorí eré mọ́tò wọ̀nyí, ìròyìn tiwọn kò sì ju ìlà kan tàbí méjì lọ nínú ìwé ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ṣòro fún mi láti sọ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Ní oṣù Òkítóbà ọdún 1913 pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún, èyí ni 2013, a rí òkú ènìyàn 92 nínú aṣálẹ̀ ní òkè orílẹ̀-èdè Niger, nítòsí ààlà Àlgéríà. Ọkùnrin méje ni, obìnrin 33, ọmọdé 52. Mọ́tò ni ó gbé wọn. Mọ́tò náà bàjẹ́, omi tán, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn kiri títí agbára wọn fi pin. Tamanrasset ni wọ́n ń lọ, ìlú kan náà tí Yímíyímí Oníwúrà gbà kọjá ní Dísẹ́ńbà 1922. Kò sí epo tí a kó pamọ́ dè wọ́n. Kò sí mẹkáníìkì tí ó bá wọn lọ, kò sì sí ẹni tí ó dúró sórí òkìtì iyanrìn láti yí ọwọ́ kámẹ́rà nígbà tí mọ́tò wọn ń bọ̀. Bí a bá fi ohun tí ó wà nínú fíìmù nìkan kọ ìtàn bí mọ́tò ṣe la Sàhárà kọjá, àwọn 92 wọ̀nyí kò rin ìrìn-àjò kankan.

Èyí ni ó mú mi padà sí ilé. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé Èjìgbò àti Côte d'Ivoire jọ ní ọ̀rọ̀ pọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá ni àwọn ènìyàn wa ti ń gba Dàhòmì, Tógò àti Gold Coast lọ sí ọ̀hún láti ṣòwò. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n bí ọmọ, wọ́n gbọ́ Faransé ju àwa olùkọ́ lọ. Ìrìn-àjò náà kò rọrùn: ààlà mẹ́rin, èdè tí kò yé ni, owó tí ń yí padà lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tí ìjà dé sí ilẹ̀ náà ní 2002, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2010 wọ 2011, ọ̀pọ̀ padà wálé. Fíìmù wo ni ó wà nípa wọn? Àbúrò bàbá mi lo ọdún púpọ̀ ní Treichville, fọ́tò kan ṣoṣo ni mo ní tí ó fi hàn pé ó rìn. Ó dúró, ó fi ọwọ́ lé mọ́tò. Mo ti dàgbà kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé mọ́tò náà kì í ṣe tirẹ̀, kì í tilẹ̀ í ṣe mọ́tò gidi. Ọ̀dà ni oníṣẹ́ fọ́tò fi yà á sára aṣọ tí ó ta sẹ́yìn. Inú bí mi nígbà náà. Inú kò bí mi mọ́. Ohun tí kò rí ààyè sọ nípa ìrìn rẹ̀ ni ó fi ọ̀dà sọ.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àróbá, àróbá sì ni baba ìtàn. Mo fi kún un pé kí ọmọdé òde òní bèèrè àróbá nígbà tí ẹni tí yóò sọ ọ́ ṣì wà, nítorí pé ẹ̀rọ tí ẹ ń mú dání lè gba ohùn, ó sì lè gba àwòrán, láìsí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti láìsí André Citroën.

Ẹni kan ti fi hàn wá pé ó ṣeé ṣe. Ní ìparí oṣù Jánúárì ọdún 2024, ọmọbìnrin Yorùbá kan, Pelumi Nubi, dá wa mọ́tò kékeré kan, Peugeot 107, kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó gba Morocco, ó gba etí ìwọ̀-oòrùn aṣálẹ̀ Sàhárà, ó gba Mauritania, ó sì wọ Èkó ní oṣù Ápírì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ya ara rẹ̀. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa mọ́tò tí ó dá nìkan wà: ẹni tí kò ní ẹnì kejì, bí ó bá fẹ́ kí a rí mọ́tò rẹ̀ nígbà tí ó ń kọjá, àfi kí ó dúró, kí ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, kí ó wa mọ́tò kọjá, kí ó sì tún padà wá mú un. Ní Côte d'Ivoire, ó forí mọ́tò sọ ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan tí ó dúró sójú ọ̀nà, ó sì farapa. Kò fi èyí pamọ́. Ó fi han àwọn tí ń tẹ̀lé e, ó sinmi, ó tún mọ́tò ṣe, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ dé ilé, ó gba Ghana, Tógò àti Benin, ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ti ń rìn kí a tó bí ìyá rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ń gbéra láti Èjìgbò lọ sí Àbíjàn ní ojú ọ̀nà kan náà. Àwọn obìnrin ń di ẹrù sórí rẹ̀, dẹ́rẹ́bà ń yẹ táyà wò, àwọn ọmọ ń dárúkọ ẹni tí a óò bá wọn kí. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku Bodélé ti máa ń bo gíláàsì iwájú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ mọ́tò a sì fi àkísà nù ún kí wọ́n tó lọ.